Ọdún Mẹ́rin Pẹ̀lú Híítà Onígáàsì: Ohun Tí Mo Rí, Ohun Tí Mò Ń Yẹ̀ Wò

Ọdún kẹrin rèé tí híítà onígáàsì ti ń bá wa gbóná omi nílé wa ní Ìbàdàn, mi ò sì ní padà sídìí ìkòkò omi gbígbóná mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìyá mi.

Irú èyí tí kò ní táǹkì nínú ni. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, ara ògiri ni wọ́n ń kàn án mọ́. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi, á tanná fúnra rẹ̀, bí ẹ bá tì í, iná á kú. Omi lítà 6 ló ń gbóná ní ìṣẹ́jú kan. Kò bá NEPA da nǹkan pọ̀ rárá. Bátìrì ńlá méjì, irú èyí tí bàbá wa máa ń kì sínú rédíò, ló fi ń ṣáná. Aago márùn-ún ìdájí, ọyẹ́ ń mú, iná ìjọba ò sí, àwọn ọmọ fẹ́ lọ sílé ìwé: híítà yìí ò já mi kulẹ̀ rí. Gáàsì tó ń jẹ ò sì pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù. Bí èèyàn bá wẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kò jẹ ju nǹkan bíi gíráàmù 150 lọ. Sílíńdà kìlò 12.5 tiwa máa ń gbà tó ìwẹ̀ 80.

Ọ̀rọ̀ wá kù sórí ibi tí wọ́n gbé e sí. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi kàn án, inú balùwẹ̀ gan-an ló kàn án sí, lókè orí ẹni tó ń wẹ̀, láìfi páìpù kankan kó èéfín rẹ̀ síta. Wíńdò balùwẹ̀ wa ò ju ìwé kan lọ ní fífẹ̀, nígbà ọyẹ́ a sì máa ń tì í pa. Èmi ò mọ̀ pé a ń ti ikú mọ́lé ni.

Ìyá mi wá kí wa nígbà ọyẹ́ ọdún kejì. Àwọn ọmọ méjì ti wẹ̀ tán kí Màmá tó wọlé. Mo wà ní kíṣìnnì nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí, ohùn wọn ò jáde dáadáa: "Ọmọ mi, ilé ń yí mi lójú o." Nígbà tí mo máa ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ti jókòó sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú. Omi ṣì ń dà. A gbé wọn jáde sí fàráńdà. Orí ń fọ́ wọn, èébì ń gbé wọn. Èmi ti ń pariwo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìgbà tí a dé ilé ìwòsàn ni dókítà béèrè ohun tí kò sí lọ́kàn mi rárá: "Kí lẹ fi ń gbóná omi nílé?"

Carbon monoxide ni, afẹ́fẹ́ olóró kan tó ń jáde lára iná. Òórùn tí a máa ń gbọ́ bí gáàsì bá ń jò, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí gáàsì ni, kí imú wa lè tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n carbon monoxide ò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú. Bí gáàsì bá ń jó níbi tí atẹ́gùn ò tó, ó ń jáde nìyẹn, bó bá sì wọnú ẹ̀jẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ìyá mi gbádùn lọ́jọ́ náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ti ń wẹ̀ níbẹ̀ láràárọ̀ láti ọdún kan.

Oníṣẹ́ kejì tí mo pè kò tíì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ tó fi ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé eléyìí síbí fún yín?" Ó ní kí n wo ojú dígí kékeré tó wà lára rẹ̀: iná pupa rúsúrúsú, ó ń mì lọ mì bọ̀ bí iná àtùpà. Nígbà tó tú ìdérí rẹ̀, inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, aláǹtakùn sì ti ta òwú dí ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó fọ̀ ọ́, ó gbé e jáde sí ara ògiri fàráńdà ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ òrùlé, ó wá fa páìpù omi gbígbóná wọ balùwẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni iná rẹ̀ ti ń jó búlúù bí aró, tó dúró ṣinṣin. Ìyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò láràárọ̀. Ọjọ́ tó bá tún pọ́n, a ò ní wẹ omi gbígbóná lọ́jọ́ náà, oníṣẹ́ ni a máa pè.

Sátidé tó bá parí oṣù ni mo fi ń yẹ jíjò wò. Mo máa ń po ọṣẹ ìfọbọ́ mọ́ omi díẹ̀ kó hó dáadáa, n ó ṣí sílíńdà, n ó wá fi kànìnkànìn pa á sí ọrùn rẹ́gúlétọ̀ àti ẹnu rọ́bà méjèèjì. Lóṣù kẹfà tó kọjá, mo rí ìhó kan níbi tí rọ́bà ti wọ rẹ́gúlétọ̀. Kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó wú, ó bẹ́, òmíràn tún wú níbẹ̀. Imú mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Mo ti sílíńdà, a pààrọ̀ rọ́bà náà pẹ̀lú irin tó ń fún un lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣá ìṣáná síbẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ lé e jáde nílé yín. Gáàsì wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, ó lè ti kún ibẹ̀ kí ẹ tó mọ̀.

Ìyókù ò le. Omi bóhólù tiwa ní iyanrìn, nítorí náà mo máa ń tú asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ibi tí omi ń gbà wọ híítà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́. Bí a bá ń rìnrìn àjò, mo máa ń yọ bátìrì kó má baà jò sínú rẹ̀. Ẹ máa wo rọ́bà náà bóyá oòrùn ti sá a tàbí eku ti jẹ ẹ́. Oníṣẹ́ ń wá tú u fọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ọyẹ́ tó dé. Mo sì ra ẹ̀rọ tó ń ké bó bá gbúròó carbon monoxide, ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú yàrá àwọn ọmọ. Bọ́tìnì ìdánwò rẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀ bí mo bá parí ti ọṣẹ.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ẹni méjì ò lè lò ó pọ̀. Bí ẹnì kan bá ṣí omi ní kíṣìnnì, iná á kú mọ́ ẹni tó ń wẹ̀ lórí. Ó tún máa ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Àwọn ọmọ ń ráhùn sí i, èmi fọwọ́ sí i.

Ìyá mi ti ní kí n ra ọ̀kan sílé tiwọn lábúlé. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ò ní fẹ́ rí i sójú mọ́. Ṣùgbọ́n orí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ni táǹkì omi wọn jókòó sí, híítà yìí ò sì ní tanná bí omi ò bá ti òkè bíi mítà méjì ààbọ̀ wá. A ti ń bá wẹ́dà sọ̀rọ̀ lórí irin tí yóò gbé táǹkì náà sókè, mo sì ti fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí híítà máa wà, lára ògiri ìta.