Owó àjọdá: eré tí kò ní ìyà àti èyí tó ní

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Ernst Fehr àti Simon Gächter, kó akẹ́kọ̀ọ́ 240 jọ ní Zurich (Switzerland) láti ta eré owó kan, wọ́n pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Olúkúlùkù gba owó eré 20. Bí o bá dá ẹyọ 1 sínú àpò àjọ, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á gba 0.4 kọ̀ọ̀kan. Ahun tó há tiẹ̀ mọ́wọ́ ló ń jèrè jù.

Níbi tí kò sí ìyà fún ahun, ṣe ni owó tí wọ́n ń dá ń dínkù. Ta ló fẹ́ máa ṣe mùgù?

Níbi tí ìyà wà, ọ̀rọ̀ yí padà. O lè ná ẹyọ 1 nínú owó tìrẹ láti fìyà jẹ ahun, ahun á sì pàdánù 3. Ẹ ò sì ní pàdé mọ́, kò sí èrè kankan fún ọ níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń ná an! Nígbà tí wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà léèrè, ìbínú sí ahun ló hàn. Ahun pàápàá ti mọ̀ pé inú á bí wọn, ló bá ń dá owó.

Èyí tó ní ìyà ni mo fara mọ́, àmọ́ kì í ṣe níbi gbogbo. Nínú irú eré yìí tí wọ́n ṣe ní ìlú 16, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2008, àwọn kan ní Athens (Greece) àti Muscat (Oman) ń fìyà jẹ ẹni tó dá owó gan-an.