Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àbí Jámánì?

Àbúrò mi ní Ìkòròdú, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó fẹ́ físà òṣìṣẹ́.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó iṣẹ́ ọdún kan tí wọ́n ní ọ̀gá gbọ́dọ̀ san fún òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò ní £26,200, ó di £38,700 lóṣù kẹrin 2024, ó tún di £41,700 lóṣù keje 2025. Iṣẹ́ mìíràn tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá tó bá ṣírò rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wọn ni yóò gbà. Ó dùn mí gan-an.

Jámánì ní tiẹ̀ béèrè €48,300 fún Blue Card (ìwé àṣẹ ìgbélùú fún òṣìṣẹ́ onímọ̀) ní 2025, ṣùgbọ́n €43,759.80 tó fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, torí òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ́n wọn. Ìrírí ọdún mẹ́ta nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà lè rọ́pò ìwé ẹ̀rí yunifásítì.

Jámánì ni mo ní kó dojú kọ. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti ń pe "Guten Tag" lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán ìyá wa.