Wákàtí Mẹ́rin Nínú Ìtàn Eintracht Frankfurt: Ohun Tí Mo Rí Gbà Fún Owó Mi

Ní oṣù Kẹta tó kọjá, nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi tó ń gbé ní Offenbach lórílẹ̀-èdè Jámánì, mo san Yúrò 45 fún ilé iṣẹ́ kan tó máa ń mú àlejò rìn káàkiri ìlú Frankfurt, kí wọ́n lè fi àwọn ibi tí ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Eintracht Frankfurt ti ṣẹlẹ̀ hàn mí. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí kì í ṣe láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́ ni mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gba Frankfurt kọjá pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ná irú owó bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí yóò rí àti ohun tó yẹ kó béèrè kó tó sanwó.

Láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta ni orúkọ Eintracht ti wà létí mi, nítorí Augustine Okocha tí gbogbo wa ń pè ní Jay-Jay. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí góòlù tó jẹ ní ọdún 1993 wà nínú rẹ̀, a sì wò ó títí tí téèpù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo mọ̀ nípa ẹgbẹ́ náà kò ju góòlù yẹn lọ. Ohun tí mo wá ń retí lọ́wọ́ ìrìn-àjò yìí ni kó jẹ́ kí n mọ irú ilé tí Okocha bá ara rẹ̀, àwọn tó kọ́ ilé náà, àti ohun tí ojú wọn rí kí òun tó dé. Ìwọ̀n tí mo fi wọn gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí.

A jẹ́ mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣèlérí pé yóò máa gbé wa kiri kò yọjú, a sì dúró nínú òtútù fún ogójì ìṣẹ́jú kí ọ́fíìsì wọn tó ránṣẹ́ pé kí a máa wọ ọkọ̀ ojú irin, kí kálukú ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi sétí láti gbọ́ ohùn afinimọ̀nà. Méjì nínú mẹ́sàn-án kò ṣiṣẹ́, tèmi sì wà lára méjèèjì. Mo rọ́gbọ́n dá sí i, mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ afinimọ̀nà náà gan-an, ṣùgbọ́n ìyá àgbàlagbà kan tí ẹ̀rọ tirẹ̀ náà dákẹ́ kò lè yára rìn bíi tiwa, mo sì mọ̀ pé kò gbọ́ ju ìdajì lọ nínú ohun tó sanwó fún. Èyí kò dára rárá.

Àmọ́ baba tó ṣamọ̀nà wa tó ẹni tí à ń sanwó rí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, kò sì ní ìwé kankan tó ń kà jáde. Riederwald ní ìlà-oòrùn ìlú la ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe dá ẹgbẹ́ Victoria sílẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1899, tí ẹgbẹ́ Kickers náà sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà, tí àwọn méjèèjì wá di ọ̀kan ní 1911. Ní 1920 ni wọ́n dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan tó ti wà láti 1861, ìgbà náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Eintracht. Ìrẹ́pọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún baba pé orúkọ tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa ń jẹ́ nílẹ̀ wa gan-an nìyẹn, ó dúró sójú kan, ó ní kí n tún un pè, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó wà lápò rẹ̀. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi àmì ohùn àti ẹsẹ̀ sí i fún un.

Pápá tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1920 kò sí mọ́, bọ́ǹbù ogun ti wó o ní 1943. Lórí bẹ́ńṣì kan nítòsí ibẹ̀ ni baba ti fa sálúbàtà kan ṣoṣo yọ nínú àpò rẹ̀, èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn tí a lù pọ̀ ṣe, tó ní àwọ̀ eérú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Ó gbé e fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí fìlà. Irú bàtà inú ilé yìí ni ilé iṣẹ́ J. & C. A. Schneider ń ṣe nílùú náà, Júù ni àwọn tó sì ni ín. Nígbà tí òfin bọ́ọ̀lù Jámánì kò tíì gbà kí ènìyàn fi bọ́ọ̀lù gbígbá jẹun, ilé iṣẹ́ yìí gba àwọn agbábọ́ọ̀lù Eintracht kan síṣẹ́ kí wọ́n lè rí owó oṣù. Schlappe ni àwọn ará Frankfurt ń pe sálúbàtà, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní Schlappekicker nìyẹn, àwọn agbábọ́ọ̀lù onísálúbàtà. Àwọn ọ̀tá wọn ń pè wọ́n ní ọmọ Júù láti fi bú wọn.

Ẹgbẹ́ onísálúbàtà yìí ló dé àṣekágbá ìdíje Jámánì ní oṣù Kẹfà 1932, ní Nuremberg, tí Bayern München fi góòlù méjì sí òdo lù wọ́n. Júù ni Kurt Landauer tó jẹ́ ààrẹ Bayern, Júù sì ni Hugo Reiss tó jẹ́ akápò Eintracht. Kò tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà tí Hitler gba ìjọba. Ipò bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ní 1933, nígbà tó sì yá, wọ́n fi tipátipá gba ilé iṣẹ́ bàtà náà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni inú ti bí mi sí ilé iṣẹ́ tó mú wa rìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n kọ fún Riederwald nínú ètò wọn, fóònù baba sì ń dún ṣáá pé kó máa kó wa bọ̀. Nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n pín fún wa, àwòrán Rudolf Gramlich wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó gbá àṣekágbá 1932 àti pé ó di ààrẹ ẹgbẹ́ láti 1955 sí 1970. Wọn kò kọ ọ́ pé ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun SS ti àwọn Násì. Wọn kò sì kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ Eintracht fúnra rẹ̀ ní kí àwọn onímọ̀ ìtàn wádìí ọ̀rọ̀ náà, tó sì gba oyè ààrẹ àyẹ́sí kúrò lórí orúkọ rẹ̀ ní 2020, lẹ́yìn tó ti kú tipẹ́. Mo bi baba léèrè. Ó pa sálúbàtà náà mọ́ sínú àpò kó tó dáhùn, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn." Ó wá sọ ọ́ fún gbogbo wa láìfi ohunkóhun pamọ́. Ẹgbẹ́ náà kò bẹ̀rù ìtàn ara rẹ̀. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ àlejò láti sọ ìtàn náà kò ní àwáwí kankan láti gé e kúrú.

Láti ibẹ̀ a wọ ọkọ̀ lọ sí Niederrad. Lára ògiri ilé gíga kan níbẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán Anthony Yeboah sí, ọmọ Gánà tó dé Eintracht ní 1990. Òun ni atamátàsé tó jẹ góòlù jù ní líìgì Jámánì ní 1993 àti 1994, pẹ̀lú ẹlòmíràn tí iye góòlù tiwọn dọ́gba lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ó sì tún jẹ́ balógun ẹgbẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ Jámánì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà tó túmọ̀ sí pé: "Ojú ń tì wá nítorí gbogbo àwọn tó ń pariwo mọ́ wa." Inú lẹ́tà tí òun, Anthony Baffoe àti Souleyman Sané kọ síta ni wọ́n ti mú un, nígbà tí àwọn òǹwòran ń ké bí ọ̀bọ sí àwọn adúláwọ̀ lórí pápá. Mo wo ọ̀rọ̀ náà títí. Àwọn tí wọ́n ń bú ni ojú ń tì nítorí àwọn tó ń bú wọn. Baba kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Ó kàn jẹ́wọ́ pé òun wà láàárín èrò nígbà náà, pé òun kò pariwo, ṣùgbọ́n òun kò bá ẹni tó ń pariwo wí. Bí mo bá ní láti yan ibì kan ṣoṣo tí gbogbo Yúrò 45 náà ti tó owó, ibẹ̀ ni.

Ní pápá ìṣeré, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Deutsche Bank Park ni orúkọ rẹ̀ lórí pátákó báyìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ tó pè é bẹ́ẹ̀. Waldstadion ni wọ́n ń pè é, pápá inú igbó, igbó ló sì yí i ká lóòótọ́. Ọdún 1925 ni wọ́n ṣí i. Ìkéde tí mo kà kí n tó sanwó sọ pé a óò wọ yàrá ìmúra àwọn agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tí a débẹ̀ ni a tó gbọ́ pé ilé iṣẹ́ tó mú wa wá kò bá ẹnikẹ́ni ṣètò rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pápá náà ṣe dáadáa sí wa, wọ́n sì jẹ́ kí a jókòó lórí ìjókòó òǹwòran. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹgbẹ́ náà, tó wà nínú pápá náà láti 2007, tó ohun tí ènìyàn ń fi odindi ọ̀sán wò, ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí ni ètò fún wa.

Lórí ìjókòó yẹn ni mo ti sọ góòlù Okocha fún àwọn tí a jọ rìn, nítorí baba ní kí ọmọ Nàìjíríà sọ ọ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1993 ni, Karlsruhe ni wọ́n ń bá gbá, Oliver Kahn ló ń ṣọ́ ilé. Okocha gba bọ́ọ̀lù nínú àpótí, ó ṣe bí ẹni fẹ́ gbá a, Kahn ṣubú. Ó fà á padà, àwọn ẹ̀yìn sáré dé, ó tún ṣe bí ẹni fẹ́ gbá a, àwọn náà ṣubú. Kahn dìde, ó tún ṣubú. Ìgbà tí gbogbo wọn ti wà nílẹ̀ tán ló wá gbá a wọlé. Àwọn ará Jámánì yàn án ní góòlù ọdún náà. Mo tún fi kún un pé lórí pápá yẹn kan náà ni àwọn obìnrin Super Falcons ti bá Jámánì gbá ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2011, tí Jámánì fi agbára káká jẹ góòlù kan sí òdo. Baba ní òun kò rántí rẹ̀ mọ́, pé òun yóò máa sọ ọ́ láti ọjọ́ náà lọ.

Ohun tó mú kí n gbà pé baba mọṣẹ́ ni bó ṣe ń sọ ìtàn àdánù. Ní 1959 wọ́n gba ife olúborí líìgì Jámánì kan ṣoṣo tí wọ́n ní títí dòní, wọ́n fi 5-3 lu Offenbach alámùúlégbè wọn ní Berlin. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ góòlù 12 sí Rangers ti Scotland nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, wọ́n wá dé àṣekágbá Yúróòpù ní Glasgow ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 1960, níwájú ènìyàn 127,621. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ góòlù. Real Madrid sì fi 7-3 lù wọ́n, Puskás jẹ mẹ́rin, Di Stéfano jẹ mẹ́ta. Ó sọ ti 1980 pẹ̀lú, nígbà tí Fred Schaub wọlé lórí àga ìdúró dè, tó sì jẹ góòlù tó gba ife UEFA lọ́wọ́ Mönchengladbach, baba sì wà nínú pápá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n bá ẹgbẹ́ Rostock gbá ní 1992 kò ju ẹnu kan lọ: bí wọ́n bá borí, ife líìgì di tiwọn, wọ́n pàdánù 2-1, ó sì wo ilẹ̀.

Ó wá bi wá pé ta ló kọ́kọ́ jẹ góòlù ní Seville ní 2022, ní àṣekágbá Europa League. Mo ní Joe Aribo. Ọmọ wa ni, Rangers ló ń gbá fún, ilé ìwòran tí mo wà ní Abẹ́òkúta lálẹ́ ọjọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Borré ti Eintracht dá a padà, Trapp tó ń ṣọ́ ilé wọn mú pẹnáritì Aaron Ramsey ti Rangers, Eintracht sì borí 5-4 nínú pẹnáritì. Baba ní kí a wo ọjọ́ náà dáadáa: ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, bíi ti Glasgow, ọdún 62 lẹ́yìn rẹ̀.

Bí mo bá ní láti fún wọn ní máàkì, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ti baba, márùn-ún ni ti ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́. Mo lè rán ènìyàn sí irú ìrìn-àjò yìí, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ béèrè ní ìkọ̀wé bóyá wọ́n ti ṣètò yàrá ìmúra, iye wákàtí tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní, àti bóyá Riederwald àti Niederrad wà nínú rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá sí, kó fi owó rẹ̀ sápò, kó dá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fúnra rẹ̀.

Ètò parí nínú ibùdókọ̀ abẹ́lẹ̀ Willy-Brandt-Platz, níbi tí wọ́n ti fi àwòrán àwọn ẹni àrà ọ̀tọ̀ Eintracht sára àwọn òpó. Iṣẹ́ baba ti tán ní tirẹ̀, síbẹ̀ ó bá mi sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí òpó Okocha, ó sì bá mi ya fọ́tò níbẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Abẹ́òkúta kí ọkọ̀ Offenbach tó dé. Kò kọ èsì, ńṣe ló pè mí. Ó ní ṣé òpó gidi ni, àbí wọ́n kàn yà á sára pátákó. Mo ní, "Òpó gidi ni, sà. Mo gbọ́wọ́ lé e báyìí."