Àǹtíbọ́dì fún caspase-3 tí a ti gé: bó ṣe ń bá wa ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí ikú sẹ́ẹ̀lì, tí owó ọwọ́ yín kò sì ju ti àǹtíbọ́dì kan lọ (pùròtéènì tó máa ń dì mọ́ ohun kan pàtó, tí a fi ń wá nǹkan náà), èyí tó ń dá caspase-3, ọ̀kan lára àwọn pùròtéènì tó ń pa sẹ́ẹ̀lì, mọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e ni kí ẹ rà. Ara ehoro ni wọ́n ti mú tiwa jáde, polyclonal ni (àkópọ̀ oríṣiríṣi àǹtíbọ́dì tó ń dì mọ́ ohun kan náà), ìgò 100 µl la sì rà. Kíndìnrín eku la fi ń yẹ̀ wò: àwọn eku tó gba cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́, àti àwọn tí a fún ní omi ewúro kí wọ́n tó gbà á. Iṣẹ́ ewúro náà ṣì ń lọ lọ́wọ́, àǹtíbọ́dì ni mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé kì í fi èèyàn ṣìnà. Caspase-3 wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó yè bó ṣe wà nínú èyí tó ń kú lọ. Nínú èyí tó yè, odindi ni, bíi 35 kDa (kilodalton, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí pùròtéènì ṣe tóbi tó), idà inú àkọ̀ ni. Ìgbà tí àwọn ẹbí rẹ̀, caspase-8 tàbí caspase-9, bá gé e lẹ́yìn Asp175 (aspartate tó wà ní ipò 175 nínú ẹ̀wọ̀n amino acid rẹ̀) ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, táá wá máa gé àwọn pùròtéènì mìíràn káàkiri, títí kan PARP, pùròtéènì tó ń bá sẹ́ẹ̀lì tún DNA ṣe, tó máa ń ti 116 kDa já sí 89. Western blot la fi ń wo èyí: a ó fi iná mànàmáná ya àwọn pùròtéènì sọ́tọ̀ nínú jẹ́ẹ̀lì bí wọ́n ṣe tóbi tó, a ó gbé wọn sórí membrane, àǹtíbọ́dì á wá mú kí èyí tí a ń wá hàn bí ìlà dúdú lórí fíìmù. Ẹni tó bá fi àǹtíbọ́dì tó ń mú odindi ṣiṣẹ́ á rí ìlà dúdú lábẹ́ gbogbo ihò jẹ́ẹ̀lì, kò sì ní mọ sẹ́ẹ̀lì tó ń kú yàtọ̀ sí èyí tó yè. Èyí tí mò ń wí yìí, ojú ibi tí wọ́n gé gan-an ló ń dì mọ́. Bí wọn ò bá tíì gé e, kò ní ríbi dì mú.

Bó sì ṣe jáde lórí fíìmù nìyẹn. Lábẹ́ àwọn eku tó gba cisplatin, ìlà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tó súnmọ́ra, 19 kDa lókè, 17 nísàlẹ̀. Lábẹ́ àwọn tí a kò fún ní nǹkan kan, ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ pátápátá. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó." Ọ̀gá tó ń bójú tó láàbù wa gbé fíìmù náà sójú iná, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Ó mọ́. Fi actin tẹ̀ lé e, ká lè mọ̀ pé ìwọ̀n tó o bù sínú ihò kọ̀ọ̀kan dọ́gba." Ìlà actin, pùròtéènì tó wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ní 42 kDa sì dọ́gba lóòótọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú tí iná ti ń ṣe ségesège bíi tiwa, ẹ gbọ́ èyí. Ìdajì ohun tó wà nínú ìgò náà glycerol ni, nítorí náà kì í dì nínú firísà −20. Dídì àti yíyọ́ lemọ́lemọ́ ló máa ń ba àǹtíbọ́dì jẹ́ jù, èyí kò sì dì rárá débi pé yóò yọ́ nígbà tí iná bá lọ. Ẹ má pín in sínú àwọn ìgò wẹ́wẹ́. Inú ìgò tirẹ̀ ni kí ẹ ti máa fà á, kí ẹ sì fà á jẹ́jẹ́, torí ó ki, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu pipette, bó bá sì lẹ̀ báyẹn, owó yín lẹ̀ ń dà nù.

Ibi tó ti bí mi nínú ni ọwọ́ ẹni tó bá wa gbé e wá láti Èkó. Yìnyín inú páálí ti domi, omi náà sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni náà ní, "Mà, kò sí nǹkan tó máa ṣe é." Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe àyẹ̀wò. A kọ́kọ́ fi Jurkat, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí wọ́n ń sìn nínú láàbù, tí wọ́n ti fi kẹ́míkà staurosporine pa dán an wò, ìlà méjèèjì jáde, ìgbà yẹn ni mo tó fọkàn balẹ̀. Ẹ ra irú omi sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ má sì gbà kí wọ́n gbé nǹkan yín sọ́kọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bó bá sun páàkì di ọjọ́ Ajé, ẹ̀bi ta ni?

Ní ti lílò rẹ̀, 1:1000 nínú BSA 5% (pùròtéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù), ká fi sínú fíríìjì mọ́jú. 15% ni jẹ́ẹ̀lì tó bá a mu, membrane PVDF tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.2 µm ni kí ẹ lò, torí pùròtéènì kékeré bíi 17 kDa lè gba inú 0.45 kọjá lọ. Ní 1:1000, 100 µl á di 100 ml. Àwo gbòòrò á gba 10 ml lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá ká membrane sínú túùbù, 5 ml tó o, ìlò ogún nìyẹn dípò mẹ́wàá. A tún máa ń tọ́jú èyí tí a ti lò pẹ̀lú sodium azide 0.02%, ká lè tún un lò. Májèlé ni azide, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì jẹ́ kó dé inú àǹtíbọ́dì kejì (èyí tó ń dì mọ́ ti àkọ́kọ́), torí ó máa ń pa HRP, ẹ́ńsáìmù ara rẹ̀ tó ń mú kí ìlà hàn, fíìmù yín á sì funfun báláú.

Owó rẹ̀ ga. Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé e, kò sì sí ohun tí náírà wa lè ṣe sí ìyẹn. Lórí kíndìnrín, ó tún máa ń mú àwọn ìlà kan tí kò jẹ mọ́ tirẹ̀ jáde lókè. Bí àmì ìwọ̀n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò lè rú yín lójú. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, owó ló gba ẹyọ kan yẹn.

Àwọn kan wà tí mi ò ní gbà níyànjú pé kí wọ́n rà á. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Oǹdó fẹ́ fi MCF-7, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú, ṣiṣẹ́, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má náwó yín." Sẹ́ẹ̀lì yẹn kò ní caspase-3 rárá, àbùkù wà nínú jíìnì rẹ̀. Wọ́n lè lò ó bí àpẹẹrẹ ibi tí ìlà kò gbọ́dọ̀ ti jáde, ìyẹn dáa. Bákan náà, bó bá jẹ́ necrosis ni sẹ́ẹ̀lì yín fi ń kú, tó kàn ń wú tó ń bẹ́, ẹ lọ wọn LDH, ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì tó ń jò jáde. Ìyẹn á jẹ́ iṣẹ́ yín ju èyí lọ.