Àgbéyẹ̀wò: Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe èèpo ìwé mi ní Tàìwó

Bí ẹ bá ń kọ ìwé ìtàn, tí ẹ sì wà ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà, ẹ má gbé èèpo rẹ̀ fún ẹni tó ní òun á parí ẹ̀ kí ẹ tó mu omi tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe tèmi wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní òpópónà Tàìwó, ní Ìlọrin. Iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn gan-an.

Ìtàn obìnrin amọ̀kòkò kan ní Òkèlele ni mo kọ, mo sì pè é ní Ọwọ́ Amọ̀. Kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ó gba ìtàn náà, ó kà á tán, ó wá bi mí pé, "Àǹtí, kí ni ẹ ò fẹ́ kí ẹni tó bá rí èèpo yìí tètè mọ̀?" Ẹni tó bá lè bi òǹkọ̀wé nírú ìbéèrè yẹn mọ iṣẹ́.

Síbẹ̀, àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ kò dára. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti mú àwòrán ìkòkò: ọlọ́wọ́ méjì, ọrùn rẹ̀ gùn, irú èyí tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gíríìsì láyé àtijọ́. Àwọn ìyá tó ń mọ̀kòkò ní Dada, ní Òkèlele, kì í mọ irú ẹ̀. Mo sọ fún un, kò bá mi jiyàn. Ó gbé kámẹ́rà, ó lọ sí Dada, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá, ó sì ya àwòrán tirẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e wá kún jù: ìyá, iná, èéfín, òkìtì ìkòkò, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó rẹwà tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́kọ́ rí ìwé báyìí. Nígbà tó sún un kéré tó èékánná, kò sí ohun tí a rí mọ́ ju èéfín lọ. Ojú ìyá náà sì ti tú àṣírí ìtàn. Ó yọ ojú kúrò, ó yọ iná, ó ku ọwọ́ kan ṣoṣo nínú ẹnu ìkòkò tútù. Ẹ rí ipa ìka lára amọ̀, ẹ rí èyí tó ti gbẹ lọ́rùn ọwọ́, tó ń sán. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé a ti débẹ̀.

Àmì ohùn ló wá dá wa dúró. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà, tó kọ́kọ́ lò gbé àmì orí ọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì jẹ àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì lé e lórí, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó gbìyànjú Charis SIL, ó gbìyànjú Gentium, ó wá dúró sí Noto Serif. Kò ní kí n yọ àmì náà kúrò, bí àwọn mìíràn ṣe máa ń sọ. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Àwọ̀ náà yọ wá lẹ́nu. Ìmọ́lẹ̀ pupa, aláwọ̀ ewé àti búlúù ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì mẹ́rin ni ti ìtẹ̀wé, nítorí náà pupa amọ̀ tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà jáde bí ohun tó jóná. Ó tún un ṣe, ó sì ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan wá ká rí i ká tó tẹ púpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, níbi tí wọ́n ti lẹ ewé pọ̀, kò wọ́, torí ó béèrè iye ojú ìwé kó tó wọ̀n ọ́n: ojú ìwé 240 jẹ́ ewé 120, lórí bébà gíráàmù 80 ó tó bíi mìlímítà 12.

Ohun tí mi ò fẹ́: lẹ́tà ẹ̀yìn ìwé kéré jù fún àgbàlagbà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í sì í tètè gbé fóònù.

Ìdajì owó ló ń gbà ṣáájú. Ẹ ti gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé yín, lọ́wọ́ National Library kí ẹ tó lọ, kó lè fi àyè sílẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kírun tán kí ẹ tó gòkè.