Ìbọn Ọmọdé Tí Ó Ń Gbé Ọta 650 Mì: Àyẹ̀wò Red Ryder

Ìbọn kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní kékeré, òun náà sì ni ṣakabùlà bàbá bàbá mi, tí ó máa ń wà lókè àjà ní abà wa lẹ́yìn Ìlá Ọ̀ràngún, tí wọ́n fi wáyà wé ní ọrùn nítorí pé igi rẹ̀ ti là. Nítorí náà, nígbà tí mo kó dé ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà, tí mo ń gbọ́ bí ojú àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ṣe ń kún fún ayọ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìbọn tí òbí wọn rà fún wọn nígbà tí wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, mo rò pé orí wọn kò pé ni. Ní tiwa, rọ́bà tí a fi ń ta ẹyẹ ni ohun ìjà wa, àti kọ́kọ́rọ́ tí a ha orí ìṣáná sínú ihò rẹ̀, tí a fi ìṣó dí i lẹ́nu, tí a sì gbá mọ́ ògiri kí ó lè dún. Bí ọmọ bá fi ọwọ́ kan ìbọn Bàbá Àgbà, ẹgba ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mọ́kànlá, ó ní irú ìbọn tí àwọn ọ̀rẹ́ òun ní ni òun ń fẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ojoojúmọ́ títí mo fi gbà. Red Ryder tí ilé iṣẹ́ Daisy ń ṣe ni mo rà fún un, òun sì ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín fún àwọn òbí Yorùbá tí irú ẹ̀bẹ̀ yìí bá dé bá nílùú òyìnbó.

Red Ryder kì í ṣe ìbọn ẹlẹ́tù, atẹ́gùn ni ó ń ti ọta rẹ̀ jáde. Ọwọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ọmọ yóò fà sísàlẹ̀ tí yóò sì dá padà; fífà náà ni ó ń ká sípíríǹgì inú rẹ̀ jọ, bí ọmọ bá sì fi ìka fa ohun ìyìnbọn, sípíríǹgì yóò ta padà, yóò sì gbá atẹ́gùn mọ́ ìdí ọta. Ọta náà jẹ́ irin róbótó, kò tóbi ju mìlímítà 4.5 lọ, ó ṣe bí èso ewéko kan tí ó gbẹ. Gígùn ìbọn náà tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 90, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù kan, èyí tí ọmọ ọdún mọ́kànlá lè gbé láìjẹ́ pé apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Igi gidi ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀ àti ibi tí ọwọ́ iwájú ń dì mú, okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń fì dirodiro lára òrùka irin tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Okùn yìí kò wúlò fún ohunkóhun tí mo mọ̀, àmọ́ òun gan-an ni ọmọ mi fẹ́ràn jù.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilé iṣẹ́ Daisy wà ní àárín ìlú Rogers, ní Arkansas, mo sì gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá lágbègbè náà níyànjú pé kí ó yà síbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ènìyàn yóò ti mọ bí èènì ṣe di ọjà. Ní ọdún 1882, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Plymouth, ní ìpínlẹ̀ Michigan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtiṣe ẹ̀rọ onírin tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fa omi láti inú kànga. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tí ó ń tún aago ṣe, Clarence Hamilton, gbé ìbọn atẹ́gùn kan tí ó fi irin ṣe láti ìdí dé ẹnu wá. Ìtàn wọn ni pé ọ̀gá ibẹ̀, Lewis Hough, yin ìbọn náà wò, ó sì pariwo pé daisy ni. Òdòdó ni daisy, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìgboro ìgbà náà, ohun tí ó dára tayọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ń fi ìbọn náà ṣe èènì fún àgbẹ̀ tí ó bá ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ìyá alátà ṣe máa ń bu díẹ̀ lé e fún oníbàárà. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ èènì ju ọjà lọ, nígbà tí ó sì fi di ọdún 1895, ilé iṣẹ́ náà ti gba orúkọ èènì rẹ̀. Wọ́n kó wá sí Rogers ní ọdún 1958. Red Ryder fúnra rẹ̀ jáde ní ọdún 1940, wọ́n sì fi sọrí ẹlẹ́ṣin darandaran kan nínú ìtàn aláwòrán tí Fred Harman ń yà fún ìwé ìròyìn.

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, àwọn tí ń wòran dùn-ún wò ju àwọn ìbọn lọ. Bàbá arúgbó kan yóò dúró níwájú àpótí dígí, yóò tẹ ìka mọ́ ọn, yóò pe aya rẹ̀, yóò sì sọ ọdún tí wọ́n ra irú rẹ̀ fún òun àti ẹni tí ó jí i gbé. Bàbá tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn. Ó ṣì ní Red Ryder tí ó bá lábẹ́ igi Kérésì nígbà ọmọdé, ó sì ní ìbọn ẹlẹ́nu kan tí bàbá bàbá rẹ̀ fi ń pa ehoro, tí ó máa ń mú jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí ó fi òróró pa á lára. Ó fi ìbọn ehoro náà hàn mí. Lára igi ìdí rẹ̀, níbi tí ìran mẹ́ta ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé, ó dúdú, ó sì ń dán bí ọmọrí odó. N kò tún rò mọ́ pé orí bàbá náà kò pé.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sún mi dé ibi tí owó mi ti kọ́kọ́ ṣòfò. Mo pinnu pé ògbólógbòó Red Ryder ni n óò rà fún ọmọ mi, kì í ṣe tuntun, mo sì rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó búra pé ó ń yìn dáadáa. Ó dé. A dúró ní ẹ̀yìnkùlé, ọmọ mi ká a, ó fojú sun ún, ó fa ìka. Ìbọn náà ṣe *fùù* bí ẹni tí ó mí kanlẹ̀, ọta rẹ̀ yọ lẹ́nu, ó sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀. Ẹni tí ó tà á kò dá mi lóhùn mọ́ títí di òní. Bàbá aládùúgbò wa ni ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò kú, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ó ṣàlàyé pé awọ ni wọ́n fi dí orí ohun tí ń gbá atẹ́gùn nínú àwọn ìbọn àtijọ́ wọ̀nyẹn, pé bí awọ bá gbẹ, atẹ́gùn yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ó kán òróró ẹ̀rọ mọ́tò díẹ̀ sínú ihò kékeré tí ó wà fún un, ó gbé ìbọn náà nàró, ó sì ní kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kejì, ó dá agolo tó ṣófo lu. Mo rántí Bàbá Àgbà, tí ó máa ń ta epo sí ṣakabùlà rẹ̀ lára nígbà ọdún Ògún, kí ó tó dá obì. Ṣé ti Ògún nìkan ni epo yẹn, àbí ó mọ ohun tí irin ń fẹ́?

Síbẹ̀, ẹni tí kò bá ní aládùúgbò bíi tèmi, kí ó ra tuntun. Mo padà ra tuntun náà, owó rẹ̀ kò sì pé 50 dọ́là. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, bọ́tìnnì ìdènà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìka ń fà tí kì í jẹ́ kí ó yìn bí a bá tì í, ohùn rẹ̀ kò sì ta àwọn aládùúgbò jí. Ọmọ gbọ́dọ̀ gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀ bí ó bá ń ká a kí ọta lè yí wá sí ipò, èyí tí mo kà sí ìwà rere nínú ìbọn. Ẹni tí ó bá ń wá ìbọn tí yóò máa ba ojú kan náà ní gbogbo ìgbà yóò banú jẹ́. Inú ọ̀pá rẹ̀ ń yọ̀, kò ní ìlà tí ń yí ọta po, nítorí náà ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, agolo yóò ṣubú. Ní ọgbọ̀n, àdúrà ni. Ìkáwọ́ àti ìfojúsùn ni ó wà fún, kì í ṣe fún pípa ẹran.

Kí òbí má wá tìtorí pé ọmọdé ni a ṣe é fún kí ó fi ojú kékeré wò ó. Ọta rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ bàtà 350 rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè fọ́ ojú tí kò ní ṣeé tún ṣe mọ́. Irin ni ọta náà, bí ó bá sì ba òkúta, irin tàbí igi líle, yóò ta padà sí ẹni tí ó yìn ín. Páálí ńlá kan tí mo kó àkísà kún ni a ń yìn sí, gbogbo ẹni tí ó bá sì wà ní ẹ̀yìnkùlé, títí kan ìyá ọmọ tí ó ń sá aṣọ, gbọ́dọ̀ wọ awò ojú. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ fún un kí ó tó fọwọ́ kàn án ni èyí tí wọ́n kọ́ mi: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí a kọ ọ́ sí òun? Ó ní kí ni apátí, ìyẹn ohun ìyìnbọn. Ọ̀sán ọjọ́ náà lọ sórí àlàyé.

Àléébù gidi kan ṣoṣo tí mo rí nínú ìbọn yìí ni ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀: ó ń gba ọta 650 lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ mi da ìgò kan sínú rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ọta ń ró *ṣààà* bí ọkà bàbà tí a ń dà sínú igbá, lẹ́yìn ìyẹn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn láìfojúsùn, ó ń ká, ó ń fà, bí ẹni ń lu bẹ́ńbẹ́. Láàárín wákàtí kan, kò mọ̀ ju bí ó ṣe mọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo ẹlòmíràn lọ́kàn mi. Bàbá Àgbà yóò fi ìdí ìbọn gúnlẹ̀, yóò rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu láti inú àdó kékeré tí ó so mọ́ ìbàdí, yóò fi àkísà lé e, yóò fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, yóò da ọta wẹ́wẹ́ sí i, yóò tún fi àkísà mìíràn dí i, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí. Ìró kan ṣoṣo ni gbogbo làálàá yẹn wà fún. Bí ó bá tàsé, ẹran ti lọ. Nítorí náà kì í yìn títí yóò fi dá a lójú, n kò sì rí i kí ó yìn ín ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ní ọjọ́ kan.

Láti ìgbà náà, ọta márùn-ún ni mo ń kà sí ọmọ mi lọ́wọ́. Bí ó bá yìn wọ́n tán, yóò lọ sí ìdí páálí, yóò ka ihò, yóò sì wá gba márùn-ún mìíràn. Ní ọjọ́ kìíní tí a ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé ó ti tán?" Mo ní ó ti tán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́rin nínú márùn-ún ń ba páálí. Bí mo bá ní kí n fún ìbọn náà ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún ni n óò fún òun náà, máàkì kan tí mo yọ sì jẹ́ ti ọta 650 yẹn.

Ẹ má ṣe di í sínú ẹrù wá sí ilé o. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ka ìbọn atẹ́gùn sí ohun ìjà oníná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ bíi New Jersey kà á sí i. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, òfin ohun ìjà ọdún 1959 kó ìbọn atẹ́gùn pọ̀ mọ́ ìbọn ọdẹ ìgbàlódé, tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ, nígbà tí ó fi ṣakabùlà sí ìsọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé ohun tí ọmọ ń bá lábẹ́ igi Kérésì níhìn-ín wúwo ju ìbọn Bàbá Àgbà lọ lójú òfin ilé wa.

Ní ti ìbọn Bàbá Àgbà, mo pe àbúrò bàbá mi pé kí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọdẹ ti ṣe ìṣípà bàbá tán ni ó ti padà sókè àjà, ikán sì ti jẹ ìdí rẹ̀ tán. Irin àti wáyà nìkan ló kù. Mo fi àwòrán náà han bàbá aládùúgbò wa. Ó wò ó pẹ́, ó ní òun ní pákó igi wọ́nọ́ọ̀tì kan tí òun lè gbẹ́ ìdí tuntun fún un, kí ó lè ṣeé gbé kọ́ sí ògiri pálọ̀, bí mo bá lè sọ gígùn èyí tí ikán jẹ. Mo tún pe ilé. Àbúrò bàbá mi ní ìgbọ̀nwọ́ kan àti ìbú ọwọ́ kan ni. Bàbá aládùúgbò wa ti ń bi mí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé ìgbọ̀nwọ́ ta ni.