Síso páìpù ìdọ̀tí ilé mọ́ ti gbogbogbòò ní London: a yẹ iṣẹ́ náà wò láti orí fọ́ọ̀mù dé inú kòtò

Ẹni tó bá fẹ́ fa ilé ìdáná gùn sẹ́yìn ní Peckham, tàbí tó fẹ́ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ní Woolwich tàbí Dagenham, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan ìbéèrè yìí: ọ̀nà wo ni omi ìdọ̀tí máa gbà dé inú páìpù gbogbogbòò? Nílé, sọ́kàwé là ń gbẹ́. Bíríkìlà á mọ ọ́n, á bò ó, ó tán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ náà ní òfin, ó ní fọ́ọ̀mù, ó ní owó, ó sì ní ẹni tó gbọ́dọ̀ wá wò ó kí ẹnikẹ́ni tó da yẹ̀pẹ̀ lé e. Èrò wa ni pé ètò náà dára ju bí àwọn èèyàn wa ṣe ń sọ lọ, torí pé òfin wà lẹ́yìn onílé. Àmọ́ ó ní ibi méjì tó kù díẹ̀ káàtó, ibẹ̀ la máa pẹ́ sí jù.

Ẹ̀tọ́ onílé ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Abala 106 nínú Water Industry Act ti ọdún 1991 sọ pé onílé tàbí ẹni tó ń gbé inú ilé lẹ́tọ̀ọ́ láti so páìpù rẹ̀ mọ́ páìpù gbogbogbòò. Kì í ṣe ojúrere tí ẹ ń tọrọ. Ẹ máa fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ omi, tó jẹ́ Thames Water ní London, pẹ̀lú àwòrán tó fi ibi tí páìpù máa gbà hàn, bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe jìn tó, àti ibi tó ti máa wọ tiwọn. Wọ́n ní ọjọ́ 21 láti kọ̀, ìdí tí wọ́n sì lè gùn lé kò ju pé ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe páìpù yín, tàbí ipò tó wà, lè ṣèpalára fún tiwọn. Wọ́n tún lè sọ pé àwọn fúnra àwọn ló máa so ó, kí ẹ sanwó iṣẹ́. Abala 107 fún wọn láṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí gbogbo onílé mọ̀. Ní ọdún 2009, ọ̀rọ̀ Barratt Homes, ilé iṣẹ́ tó ń kọ́lé tà, àti ilé iṣẹ́ omi Wales, Dŵr Cymru, dé Supreme Court. Ilé iṣẹ́ omi ní ibi tí Barratt fẹ́ so páìpù mọ́ kò ní lè gba omi tó ń bọ̀, pé kí wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn. Ilé ẹjọ́ dá Barratt láre. Ẹni tó ń so páìpù ló ń yan ibi tó fẹ́, àyè tí kò tó kì í ṣe ìdí láti kọ̀ ọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń tọrọ àṣẹ ilé kíkọ́ ló yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí èyí gbé díga wọ ilẹ̀ láìfi ìwé ránṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ abala 109.

Lẹ́yìn ẹ̀tọ́ ni máàpù. Òfin ní kí ilé iṣẹ́ omi jẹ́ kí aráàlú wo máàpù páìpù wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń ṣe é. Ohun tí ẹ ò ní rí níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2011, ọ̀pọ̀ páìpù tí ilé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ ń lò bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ omi, pa pọ̀ mọ́ apá páìpù ilé kọ̀ọ̀kan tó ti jáde kúrò nínú ààlà. Púpọ̀ nínú wọn kò sí lórí máàpù. Nítorí náà, páìpù tó gba ẹ̀yìnkùlé yín kọjá, tó ń gba ìdọ̀tí ilé yín àti ti aládùúgbò, ó ṣeé ṣe kó ti jẹ́ ti gbogbogbòò. Owó ńlá wà nínú ìmọ̀ yìí: bí ẹ bá lè so mọ́ ọn níbẹ̀, ẹ ò ní fọ́ títì rárá. Kí ẹ tó gba iye tí kọńtírátọ̀ bá pè, ẹ ṣí gbogbo máńhòlù inú ọgbà, kí ẹ da àwọ̀ sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́ wálẹ̀, kí ẹ wo ibi tó ti yọ. Ewu kejì ibẹ̀ ni pé bí ògiri tuntun bá wà láàárín mítà 3 sí irú páìpù bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ omi kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́ tí ètò náà ti kù díẹ̀ káàtó rèé: ó rọrùn jù láti so mọ́ páìpù tí kì í ṣe ti ìdọ̀tí. Ní àárín gbùngbùn London, níbi tí ẹnjinníà kan, Joseph Bazalgette, ti ṣe páìpù ńlá lẹ́yìn òórùn burúkú tó bo ìlú ní 1858, òjò àti ìdọ̀tí jọ ń gba ọ̀nà kan náà. Bí ẹ bá jáde lọ sí àwọn àdúgbò ẹ̀yìn, páìpù di méjì: ọ̀kan ń gbé ìdọ̀tí lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ mọ́, èkejì ń gbé omi òjò tààrà lọ sínú odò, kò sí ibi tó ti ń yà. Páìpù méjèèjì jọra, wọ́n sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá so ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ti òjò, inú odò ló ń ṣu sí. Kò ní gbọ́ òórùn, páìpù rẹ̀ kò ní dí, kò sì sí ohun tó máa sọ fún un títí ilé iṣẹ́ omi yóò fi tọpa ẹ̀gbin odò wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Onílé ló sì máa tún un ṣe lówó ara rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ ẹni tó ta ilé fún un ló ṣe é.

Ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ jù ni síńkì tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ tí wọ́n gbé lọ sínú yàrá tuntun lẹ́yìn ilé, tí púlọ́ńbà wá rí páìpù òjò nítòsí, tó sì ki ti síńkì bọ̀ ọ́. Òdìkejì rẹ̀ náà kò dára: òjò òrùlé tó bá wọ páìpù ìdọ̀tí a máa mú un kún bí àrọ̀ọ̀dá bá dé, ìdọ̀tí á sì padà wá sí ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀. Fún omi òjò, òfin ní kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú sọ́kàwé, lẹ́yìn náà odò tàbí ojú omi, kó tó wá kan páìpù gbogbogbòò. Sọ́kàwé òjò náà gbọ́dọ̀ fi mítà 5 jìnnà sí ilé àti ọ̀nà, amọ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ àdúgbò London kì í sì í fà omi dáadáa, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ ihò ìdánwò kí wọ́n da omi sí i kẹ́ ẹ tó ná owó lé e.

Ìwé tó ń darí iṣẹ́ inú ọgbà ni Approved Document H, ìwé ìtọ́sọ́nà ìjọba lórí omi ìdọ̀tí. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣe kedere, a sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, torí pé onílé tó bá kà á lè dúró lórí kòtò kó sì mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Páìpù tó bá ń gbé ìgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ kéré sí mílímítà 100. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọsàn, jẹ́ 110 bí ẹ bá wọn ẹ̀yìn rẹ̀. Bí omi tó ń gbà á kò bá tó lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú 40, ìyẹn mílímítà 25 ní gbogbo mítà kan. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ní ó kéré tán àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kan, ìdá kan nínú 80 tó. Fún kòtò oní mítà 8, ìyẹn jẹ́ mílímítà 200 tàbí 100. Ẹ mú okùn àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ibi tí páìpù bá ti rì sílẹ̀ láàárín ni ìwé àti ọ̀rá máa jókòó sí. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kó wà lábẹ́ rẹ̀ àti yí i ká, kì í ṣe àfọ́kù bíríkì tí wọ́n kó láti ilẹ̀. Lábẹ́ ọgbà, ilẹ̀ tó máa bò ó gbọ́dọ̀ tó mítà 0.6, lábẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń gbà, mítà 0.9. Bí kòtò bá sì súnmọ́ ìpìlẹ̀ ilé ju mítà kan lọ, kọnkéré ni kí wọ́n fi kún un títí dé ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀, kí ilé má baà jókòó sínú kòtò náà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bo páìpù kí òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ilé tó dé. Ìdánwò atẹ́gùn ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Wọ́n á dí ẹnu páìpù, wọ́n á so ọ̀pá kékeré tó tẹ̀ bíi U, tí omi wà nínú rẹ̀, mọ́ ọn, wọ́n á wá fẹ́ atẹ́gùn sí i títí omi ẹ̀gbẹ́ kan yóò fi ga ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ ní mílímítà 100. Gbogbo èèyàn á wá dákẹ́ wo omi náà fún ìṣẹ́jú 7. Bó bá wálẹ̀ ju mílímítà 25 lọ, páìpù ń jò. Ibi tó ti ń jò sábà máa ń jẹ́ rọ́bà róbótó inú oríkèé. Ẹni tó gé páìpù kò fá etí rẹ̀, kò fi ọṣẹ páìpù pa á, ó kàn tì í wọlé tipátipá, rọ́bà wá yí kúrò nínú ihò rẹ̀. Bí ẹ bá ti bò ó tán kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ máa gbẹ́ gbogbo rẹ̀ padà.

Ibi tí páìpù yín ti wọ ti gbogbogbòò ni iṣẹ́ ọwọ́ ti ń hàn. Ó gbọ́dọ̀ yà wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, kí ojú rẹ̀ kọ síbi tí omi ń ṣàn lọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi lu ihò náà, tí yóò róbótó tí yóò sì mọ́. Ẹni tó bá mú òòlù sí páìpù amọ̀ àtijọ́, ó ti fọ́ nìyẹn: ìlà á gba ara rẹ̀, àfọ́kù á bọ́ sínú, páìpù tuntun á sì yọ orí sínú ọ̀nà omi, níbi tí ìwé ìnura yóò ti máa rọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ gbogbo.

Ibi kejì tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni títì. Ìwé àṣẹ káńsù wà fún un, lábẹ́ abala 50 nínú òfin iṣẹ́ ojú pópó ti 1991, ó yàtọ̀ pátápátá sí ti ilé iṣẹ́ omi, kò sì sẹ́ni tó máa so méjèèjì pọ̀ fún yín. Àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí nìkan ló lè gbẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá tún títì ṣe tán, ẹ̀yin tí ẹ gba àṣẹ lẹ máa dúró fún un fún ọdún 2, tàbí ọdún 3 bí kòtò bá jìn ju mítà 1.5 lọ. Bó bá rì láàárín ìgbà yẹn, owó yín ni. Kẹ́ ẹ rí i pé kọńtírátọ̀ gbà nínú ìwé pé òun ló máa ru ẹrù náà.

Fún àwọn tó ní bùkátẹ́ríà, ọ̀rọ̀ epo wà lọ́tọ̀. Approved Document H ní kí ibi tó bá ń se oúnjẹ gbígbóná tà ní àpótí tó ń ya ọ̀rá kúrò lára omi. Àpótí yìí ń mú kí omi rọra lọ kó sì tutù, kí ọ̀rá lè léfòó kí wọ́n sì kó o dànù. Epo pupa máa ń dì nínú ṣágo lórí tábìlì ní ìgbà òtútù, ẹ wá wo bó ṣe máa rí nínú páìpù abẹ́ ilẹ̀. Omi gbígbóná tí àwọn kan ń dà tẹ̀ lé e kò yanjú nǹkan kan: ó kàn ń tì í síwájú, abala 111 sì fi òfin de omi tó gbóná ju 43 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius bó bá léwu, bó bá ń yọ aráàlú lẹ́nu, tàbí bó bá lè ṣàkóbá fún ìlera. Òkìtì ọ̀rá tí wọ́n rí lábẹ́ Whitechapel ní 2017 gùn tó mítà 250, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 130.

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ nílò fáàfù tí kò ní jẹ́ kí ìdọ̀tí padà. Níbi tí ewu bá ti pọ̀, ẹ ra èyí tó ní ilẹ̀kùn méjì àti ọwọ́ tí ẹ lè fi tì í. Omi òjò òrùlé kò gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pọ́ńpù ló ń ti ìdọ̀tí sókè, táǹkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba ìdọ̀tí wákàtí 24, lítà 150 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí ọjọ́ tí iná bá lọ.

Páìpù àtijọ́ tí ẹ ò lò mọ́ sì ni ilé eku. Èyí tí kò jìn tó mítà 1.5 nínú ilẹ̀ gbalasa, kí wọ́n hú u. Èyí tí wọn ò bá lè hú, kí wọ́n dí i lórí méjèèjì àti níbi tó ti so mọ́ òmíràn, kí wọ́n sì rọ símẹ́ńtì olómi kún inú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú iye tí kọńtírátọ̀ máa gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé òun ni wọ́n máa ń fò jù bí iṣẹ́ bá ti ń parí lọ.